Alága Tí Kò Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe orúkọ ọkùnrin náà tán, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kí wọ́n tó pè é: Olóyè Ẹnjiníà Ìyàndá Olúgbádé, Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Mẹkáníìkì Ọgbà Ìfẹ́sowápọ̀, Asese, lójú ọ̀nà márosẹ̀, láàárín Ibafo àti Mowe. Ta ló fi í joyè? A ò mọ̀. Ilé-ìwé wo ló ti kọ́ ẹnjiníà? Mùtíù, akọ̀wé rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ sára káàdì, láti ọjọ́ náà ló sì ti di òótọ́.

Bó ṣe di alága pàápàá, ẹ gbọ́. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, alága àná kó padà sí Ìkirè. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ipò náà dìde. Ìyàndá ti wà lórí ìdúró, nítorí bẹ́ǹṣì ti ń ro ó nídìí. Kí ó tó ráyè jókòó padà, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n tú àga iwájú bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ti kú sínú ọgbà, wọ́n jó o mọ́ orí ríìmù tírélà mẹ́ta, wọ́n sì gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá fẹ́ bá Alága sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ nù, á wá gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ. Sípánà ńkọ́? Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ọwọ́ Alága ti kan sípánà kẹ́yìn. Ó ní ẹni tó ń darí mẹkáníìkì kò gbọdọ̀ rùn bíi mẹkáníìkì.

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, Mùtíù á dìde, á kígbe pé, "Gíà kìíní!"

Gbogbo ẹgbẹ́ á dáhùn pé, "Ó wọlé!"

"Gíà kejì!"

"Ó wọlé!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe dé gíà karùn-ún. Mùtíù á wá na ọwọ́ sí orí ìtẹ́: "Ta ló ń wà wá?"

"Olúgbádé ni!"

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ á dáhùn pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, nítorí Mùtíù máa ń kọ orúkọ àwọn tí kò bá dáhùn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pariwo gíà tó yìí, mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọgbà mọ́. Àwọn mọ́tò ìsinsìnyí ti yàtọ̀. Iná kékeré kan á kàn tàn níwájú dírẹ́bà, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì, a ó sì tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lásán. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń bi mọ́tò bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Àwọn mẹkáníìkì Ibafo ní kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, àwọn oníbàárà á dé Asese, wọ́n á béèrè bóyá ẹ̀rọ ìyẹmọ́tòwò wà, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ sí Ibafo. Àwọn ọkùnrin tó ń bọ́ ọmọ mẹ́ta mẹ́rin wá ń ta ayò lábẹ́ igi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Obìnrin kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà. Nùsírátù ni orúkọ rẹ̀, rẹ́wáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ọmọ Ìwó ni, ó ń gbé yàrá kan ní Lotto. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ, ó máa ń fọkàn bá iṣẹ́, kì í sì í pariwo. Oníbàárà rẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀, fẹ́ kó lọ sí òkè òkun. Kí ó tó lọ, ó ra láptọ́ọ̀pù tuntun kan, wáyà tí wọ́n fi ń yẹ mọ́tò wò, àti fíláàṣì kékeré tí ohun tó ń mú wáyà náà ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ó fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ nítorí bí Nùsírátù ṣe máa ń tọ́jú mọ́tò rẹ̀.

Ó sọ fún un pé, "Kò tíì sí nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà yìí o. Kọ́kọ́ fi Wíńdò sí i, nítorí òun ni ohun tó wà nínú fíláàṣì yìí lè bá ṣiṣẹ́. Kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ."

Iṣẹ́ ọ̀sán kan. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Nùsírátù gbé ẹrù náà wá sí ìpàdé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìtẹ́, ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà kì í dá ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ohun tí yóò máa darí rẹ̀, bí mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà. Ó ní bí Alága bá lè yọ̀ǹda, òun á fi Wíńdò sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Alága gbé orí sókè. "Kí lo pè é?"

"Wíńdò, sà."

"Mùtíù, kí ni ìtumọ̀ wíńdò?"

"Fèrèsé ni, Alága wa."

Alága sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n, nítorí ríìmù mẹ́ta ga díẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀.

"Nùsírátù, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, irú ènìyàn wo lo ti rí tó ń gba ojú fèrèsé wọlé?"

"Sà, orúkọ lásán ni—"

"Olè! Olè ló ń gba ojú fèrèsé! Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ṣé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí a máa ní láyé yìí, ojú fèrèsé la ó gbà bọ́ sínú rẹ̀? Kí àwọn ará Ibafo máa nawọ́ sí wa? Èmi, Olóyè Ẹnjiníà Ìyàndá Olúgbádé, ẹnu ọ̀nà gbangba ni mò ń gbà wọlé, orí ẹṣin ni n bá sì wà bí ẹnu ọ̀nà bá ga tó!"

Àtẹ́wọ́ ya. Mùtíù nu ojú bí ẹni tí omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀.

Nùsírátù tún gbìyànjú. "Òmíràn tún wà, sà, Línọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n—"

"Ọ̀fẹ́?" Alága yí imú pọ̀. "Ṣé ìwọ rò pé Alága máa ń jẹ ohun ọ̀fẹ́ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye ọjọ́ tí Alága ti ń jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà ẹ̀bá títì láìsanwó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Alága ní ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ohun tí a lè fi ọ̀sán kan parí lọ. Ó gbé Ìgbìmọ̀ Ńlá Ẹlẹ́ni-Méje kalẹ̀ láti wádìí irú ẹni tó yẹ kí ó máa darí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Nínú àwọn méje náà, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan kọ̀ǹpútà rí. Nígbà tí ẹnì kan béèrè ìdí tí orúkọ Nùsírátù kò fi sí níbẹ̀, Alága rẹ́rìn-ín bí bàbá tó ń dáríjì ọmọ. Ó ní, "Ẹni tó ti mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ojúsàájú ni yóò ṣe. Àwọn tí ọkàn wọn mọ́ ni mo fẹ́, tí kò tíì sí ìmọ̀ kankan níbẹ̀."

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, wọ́n fi léèsì funfun bò ó. Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé mẹ́sàn-án. Ní ìpàdé kìíní, wọ́n jíròrò irú àga tí ìgbìmọ̀ yẹ kó máa jókòó lé. Ní ìkẹta, ọkùnrin kan dámọ̀ràn pé kí wọ́n lo Wíńdò láàárọ̀, kí wọ́n lo Línọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, kí inú má bàa bí ẹnikẹ́ni. Ní ìkarùn-ún, wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dárúkọ wíńdò nínú ọgbà títí ìwádìí yóò fi parí, kí ó má bàa dà bíi pé ẹgbẹ́ ti gbè sẹ́yìn apá kan. Ìyà àṣẹ yìí jẹ Sàhéèdì púpọ̀, nítorí gíláàsì mọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọ̀dà pa "wíńdò" rẹ́ lára pátákó rẹ̀, ó kọ "ibi tí a ń gbà wòta" dípò. Oníbàárà kan rí i, ó rò pé ilé àlejò ni, ó béèrè iye yàrá kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ báyìí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Folúkẹ́ wa mọ́tò rẹ̀ wọ inú ọgbà. Lotto ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń wà á lọ tó ń wà á bọ̀. Nùsírátù mọ̀ ọ́n dáadáa.

Folúkẹ́ ní, "Nùsírátù, mọ́tò yìí fẹ́ pa mí. Lánàá ó kú sábẹ́ mi lójú ọ̀nà márosẹ̀, àwọn tírélà ń ya mí lọ́tùn-ún lósì. Iná yìí ló ń tàn ṣáá. Ẹ ṣáà ti ní kọ̀ǹpútà báyìí?"

Nùsírátù wo léèsì funfun lọ́ọ̀ọ́kán. "A ní in, àǹtí."

"Ẹ gbé e wá, ẹ jọ̀ọ́."

Nùsírátù tọ Alága lọ, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Wákàtí kan péré. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú mọ́tò yẹn."

Alága fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Nùsírátù, èmi náà láàánú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá jẹ́ kí aájò oníbàárà kan sáré ju ìlànà lọ, kí ni ìtàn máa sọ nípa mi?"

Èmi tí mò ń sọ ìtàn náà rèé. Ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Folúkẹ́ wo ọkùnrin tó jókòó sórí ríìmù, ó mi orí, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, iná kékeré náà ń tàn. Nùsírátù padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó mú fíláàṣì tirẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìtajà kọ̀ǹpútà kan ní Mowe, ó ní kí wọ́n bá òun fi Wíńdò sínú rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni fíláàṣì náà ti wà lápò rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kò rí ojútùú, Alága ní òun fúnra òun á lọ rí ọ̀mọ̀ràn. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ifo, Dáníẹ́lì, tó kàwé ẹ̀rọ ní Ibogun, tó sì ṣí ìsọ̀ kọ̀ǹpútà. Mọ́tò mẹ́ta ló gbéra, agbádá mọ́kànlá ló sì wà nínú wọn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà náà nínú léèsì rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mọ́tò kan kú. Mẹkáníìkì mọ́kànlá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yí i ká, wọ́n ń wò ó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè fi agbádá tí wọ́n lọ̀ wọ abẹ́ mọ́tò. Wọ́n pe mẹkáníìkì.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Dáníẹ́lì lẹ́yìn wákàtí márùn-ún. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó fún Alága ní àga kan ṣoṣo tó ní. Mùtíù ka orúkọ àti oyè Alága fún un láti orí dé ìdí.

Dáníẹ́lì fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó wá béèrè pé, "Ẹ kú àbọ̀ o, sà. Kí lẹ fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà náà ṣe?"

Láti ọ̀sẹ̀ méje, kò sí ẹni tó tíì béèrè ìbéèrè yìí nínú ìgbìmọ̀. Àwọn méje náà wo ara wọn.

Alága ní, "A fẹ́ fi gbé orúkọ ẹgbẹ́ ga."

"Ẹ ṣeun, sà. Mo ní, iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe?"

"Iṣẹ́ ńlá," ni Alága wí.

Dáníẹ́lì rí i pé ọ̀nà náà kò já síbì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Wíńdò, ṣàlàyé Línọ́ọ̀sì. Ó ní méjèèjì dára, ohun tí ènìyàn bá fẹ́ fi ṣe ló ń sọ èyí tó yẹ. Àwọn àgbà ti ń tòògbé nígbà tó sọ gbólóhùn kan tó ba nǹkan jẹ́.

"Bíi ti Línọ́ọ̀sì, sà, ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rúùtù, ìyẹn gbòǹgbò. Òun ló lágbára lórí ohun gbogbo. Ohun tí rúùtù bá ní kó ṣẹlẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀, àwọn yòókù á tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀."

Alága dìde. "Tún un sọ."

Dáníẹ́lì tún un sọ.

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹni tó bá mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Ṣùgbọ́n, sà, ó dà bíi pé ẹ ní mẹkáníìkì ni yín? Wáyà mọ́tò, Wíńdò ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó fún yín—"

Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Alága ti ń nu ojú. "Mùtíù, mo ti rí i! Èmi ni gbòǹgbò! Mo ti mọ̀ ọ́n nínú ara mi tipẹ́, mi ò kàn mọ orúkọ tó ń jẹ́ ni!"

Ọ̀fẹ́ tí kò yẹ Alága di ohun iyì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dáníẹ́lì fi Línọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tó kan páswọ́ọ̀dù, Alága lé gbogbo ènìyàn síta, Mùtíù pàápàá. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ gbogbo orúkọ àti oyè rẹ̀, láìfo ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ní kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu. Ìgbà kẹfà ló tó bára mu. Nígbà tí Dáníẹ́lì padà wọlé, ó ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kan, kó tọ́jú ẹ̀.

"Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ̀? Ṣé n ó gbàgbé ara mi ni?"

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà náà fún aráyé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, Mùtíù ti fi oyè méjì mìíràn kún ti Alága: Gbòǹgbò Asese, àti Dókítà. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga. Àwọn onílé Lotto wá, àwọn oníṣòwò ẹ̀bá títì wá. Láti Ibafo, Mùízz wá, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Mọ́tò Folúkẹ́ ni wọ́n mú pé kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Obìnrin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo aago, nítorí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa gba iṣẹ́ ní Èkó.

Wọ́n wọ gíà márààrún. Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀dá irin. Nígbà tó dé orí kọ̀ǹpútà, ó ní ojúmọ́ ti mọ́ fún gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn, òun sì ni ojúmọ́ náà. Ó ká léèsì kúrò, ó tan kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà kan yọ síbẹ̀, ó ń béèrè páswọ́ọ̀dù rúùtù.

Alága na ìka rẹ̀ kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò hàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò hàn síbẹ̀. Dáníẹ́lì ti sọ fún un pé kì í hàn, kí ẹlòmíràn má bàa rí i, ṣùgbọ́n ìgbà tó ń sọ ọ́, Alága ń ronú nípa pátákó tí wọn yóò kọ "Gbòǹgbò" sí. Ó rò pé kọ̀ǹpútà náà ń fojú di òun ni. Ó tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára dé òpin. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan yọ.

"Mùtíù, kí ló wí?"

Mùtíù bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ní, 'Sọ́rì.' Alága wa, kọ̀ǹpútà ń bẹ̀ yín!"

Àtẹ́wọ́ ya gbogbo ọgbà. Alága gbé ọwọ́ sókè pé òun ti dárí jì í. Ó sì tún tẹ̀ ẹ́, ó fi Olóyè ṣáájú Ẹnjiníà.

"Ó tún ní sọ́rì, sà!"

Àtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Alága fi Dókítà sí i. Sọ́rì. Ó yọ Dókítà, ó fi Gbòǹgbò. Sọ́rì. Ó gbìyànjú Ìyàndá ṣáájú, ó gbìyànjú Olúgbádé ṣáájú. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ènìyàn tó ti fi ọdún mẹ́rin gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láràárọ̀ wá jókòó síbẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe òun mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà kẹtàlá, Folúkẹ́ dìde. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Aago kan ti kọjá. Àwọn aláìsàn ń dúró dè mí."

Mùízz náà dìde lẹ́yìn, kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. "Àǹtí, ẹ tẹ̀ lé mi sí Ibafo. Kò ní pẹ́."

Onílé méjì tí mọ́tò tiwọn náà ń ṣe wàhálà nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ bá rí ojú àwọn mẹkáníìkì Ìfẹ́sowápọ̀ lọ́jọ́ náà! Mọ́tò mẹ́ta tí wọ́n kò rí irú rẹ̀ láti oṣù méjì ti fẹ́ jáde lọ lójú wọn.

Nùsírátù bọ́ sí iwájú Folúkẹ́, ó kúnlẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí epo ti rin. "Àǹtí, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Bí mi ò bá ṣe é, ẹ máa lọ."

Alága jágbe mọ́ ọn. "Ta ló fún ọ láṣẹ? Kọ̀ǹpútà yẹn, èmi nìkan ni gbòǹgbò rẹ̀!"

Bàbá Yésúfù ló dá a lóhùn, ẹni tó dàgbà jù nínú ọgbà, ọmọ onílẹ̀ Asese gan-an, tó ń na ara mọ́tò. Kò dá a lóhùn pẹ̀lú ẹnu. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó rìn lọ sídìí tábìlì, ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó gbé e, ó sì fi lé Nùsírátù lọ́wọ́.

"Mo pàṣẹ pé kí ẹ gbà á padà!" ni Alága wí.

Ẹnikẹ́ni ò mira. Sàhéèdì onígíláàsì ní, "Nùsírátù, fi wíńdò sí i jàre." Ó sọ wíńdò náà sókè gooro, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Nùsírátù yọ fíláàṣì lápò. Ó pa Línọ́ọ̀sì rẹ́ pẹ̀lú rúùtù àti gbogbo oyè tó wà nínú rẹ̀, ó fi Wíńdò sí i, ó fi ohun tó wà nínú fíláàṣì Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀ sí i. Ó so wáyà mọ́ mọ́tò Folúkẹ́. Gbogbo ọgbà fún ara wọn mọ́ ọn lẹ́yìn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ̀ǹpútà sọ ọ́: sẹ́ńsọ̀ kan báyìí ló ti bàjẹ́, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ọkùnrin kan sáré lọ ra òmíràn ní Mowe. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, iná kékeré náà kú, mọ́tò sì ń dún bí ẹni ń sùn.

Kí Folúkẹ́ tó wọ mọ́tò, ó dì mọ́ Nùsírátù, kò sì ka epo tó wà lára rẹ̀ sí. Ìyàndá rí i láti orí ìtẹ́. Àwọn onílé méjì náà dá kọ́kọ́rọ́ wọn padà sórí tábìlì. Mùízz lọ sí Ibafo ní òun nìkan.

Lọ́jọ́ Ajé, Alága wá sí ìpàdé pẹ̀lú ìwé ojú mẹ́rìnlá, nínú èyí tó ti fi hàn pé ìṣọ̀tẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mùtíù nìkan ló bá lábẹ́ igi. Àwọn yòókù wà ní ìsọ̀ Nùsírátù pẹ̀lú mọ́tò oníbàárà wọn, wọ́n tò ní ìlà títí dé ẹ̀bá títì. Alága ní kò sí nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ka ojú ìwé kìíní fún Mùtíù. Ó ka ìkejì. Níbi ìkẹta, Mùtíù bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹsẹ̀ padà.

"Ẹ má bínú, sà. Ó dà bíi pé ọ̀dọ̀ mi ni ìlà kàn."

Ó sì sáré lọ. Ojú ìwé mọ́kànlá ló kù. Ìyàndá jókòó sórí ríìmù mẹ́ta fún ìgbà díẹ̀. Òun nìkan ló ga níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbójú sókè. Kò sí ẹni tó dìbò yọ ọ́, kò sí ẹni tó ráyè. Ó fi ìwé náà sórí ìtẹ́, ó fi òkúta lé e, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ó délé ní Lotto kí aago méjì tó lù. Ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀gilọlá, ń ṣa ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà.

"Alága, ṣé kò sí? Ẹ̀yin tí kì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Mi ò ṣe alága mọ́."

Sẹ̀gilọlá ṣa òkúta méjì jáde nínú ẹ̀wà, ó sọ wọ́n nù. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ju bó ti máa ń wò ó lọ.

"Ó dáa," ló wí. "Gáàsì ti tán. Ẹ bá mi gbé e lọ rọ."

Bó ṣe gbé sílíńdà léjìká nìyẹn, ó gba òpópónà lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin onígáàsì. Ìlà gùn níbẹ̀ o. Ẹ̀rọ tí obìnrin náà fi ń rọ gáàsì kò ṣiṣẹ́, nítorí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti kọ̀ láti jí láti àárọ̀, iná ìjọba kò sì sí. Obìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ń kọ orúkọ sára sílíńdà.

"Bàbá, kí lorúkọ?"

Ìyàndá mí kanlẹ̀. Ó la ẹnu. "Ìyàndá."

"Ìyàndá wo? Ìyàndá kan ti wà lórí ìlà."

Ó ronú díẹ̀. "Ìyàndá mẹkáníìkì."

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. "Mẹkáníìkì? Ẹ wá bá mi wo jẹnẹrétọ̀ yìí nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyàndá gbé sílíńdà kalẹ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó béèrè sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá, ó kúnlẹ̀ ti jẹnẹrétọ̀ náà. Ó tú kábúrétọ̀, ó fẹ́ ìdọ̀tí jáde, ó fi ẹnu fa epo, ó tutọ́ rẹ̀ dànù, ó dì í padà. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Jẹnẹrétọ̀ bú, èéfín dúdú bò ó lójú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Obìnrin náà gbé sílíńdà rẹ̀ ṣáájú gbogbo sílíńdà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Ọkùnrin kan nídìí ìlà pariwo pé, "Ẹ̀yin ìyá onígáàsì, kí ló dé? Ta ni bàbá yẹn gan-an tẹ́ ẹ fi fi í ṣáájú wa?"

Obìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. "Òun ló tún jẹnẹrétọ̀ ṣe."

Ọkùnrin náà ronú sí i díẹ̀, ó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni.